Lẹ́tà sí Màmá Oníkásẹ́ẹ̀tì Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún ti ń lọ bí ọgbọ̀n ọdún, ẹ ò sì lè rántí mi. Èmi lọmọ tí ẹ máa ń lé padà sílé pé kó lọ ríwáìǹdì kásẹ́ẹ̀tì fíìmù tó yá, kó yí i padà síbẹ̀rẹ̀, kó tó gbé e wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo já kàlẹ́ńdà 2022 lára ògiri, mo fẹ́ fi bo ìwé ọmọ mi. Mo yí i padà, mo bá orúkọ gbogbo fíìmù tí mo wò lọ́dún náà lẹ́yìn rẹ̀, bí mo ṣe ń fi báírò kọ wọ́n. Mẹ́ta péré ni mo fa igi sí nídìí. N kò rẹ́ni tí mo lè rò ó fún bí kò ṣe ẹ̀yin.

Agẹṣinkólé ló kọ́kọ́ wọ sinimá, ní oṣù kẹrin. Olè kan dààmú ìlú Ajérọ̀mí, ọdẹ jáde sí i, àjẹ́ jáde sí i, eégún náà jáde. Ìtàn náà kò ta kókó. Ọfọ̀ ibẹ̀ ni mo gbà. Ẹ rántí ọfọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì yín? Mànàmáná aláwọ̀ ewé á ṣàdédé yọ lójú babaláwo, gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì á bú sẹ́rìn-ín. Nínú eléyìí, ẹni tó ń pọfọ̀ mọ ohun tó ń pè. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló ṣe é, ọmọ Ọ̀gá Bello tí ẹ lẹ àwòrán wọn mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba. Kúnlé Afọláyan náà, ọmọ Adé Love ni.

Ti Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí wọ́n mú láti inú ìwé eré Ṣóyínká, mo fẹ́ràn rẹ̀ ṣùgbọ́n òyìnbó ibẹ̀ pọ̀ jù fún mi. Ọdúnladé Adékọ́lá tí a mọ̀ sí aláwàdà ló ṣe Ẹlẹ́ṣin, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Bíyì Bándélé tó darí rẹ̀ kú ní oṣù kẹjọ, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó fi fíìmù náà hàn ní Toronto. Bàbá àgbà kan ládùúgbò wa jókòó tì mí wò ó lórí fóònù. Wọn ò dárúkọ Ṣóyínká rárá. Wọ́n kàn ní, "Ọba Wàjà kọ́ nìyí?" Mo ní ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ nígbà tí òyìnbó kò jẹ́ kí Ẹlẹ́ṣin bá ọba kú. Inú wọn dùn. Lójú tiwọn, Dúró Ládiípọ̀ wa ti fi ṣeré láti 1964, ẹni tó bá tún ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, àwòkọ ló ń ṣe.

Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe wá ni olórí wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wò ó. Sàró ahunṣọ wọ Ọ̀yọ́ láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, ó lọ gbé olorì Àrólákẹ́, wọ́n pa á. Ẹyẹ àkàlà jí i, Àrólákẹ́ lé ẹyẹ náà, àdó tí wọ́n fi ń jí òkú bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni ojú Sàró ti yí padà. Ẹ wo Bímbọ́ Adémóyè tó ṣe Àrólákẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ ìyàwó lórí ìyàwó: kò pariwo, kò ṣépè, ó kàn ń wo àdó. Ìyá mi tí a jọ wò ó ní, "Ọkùnrin yìí ti kú, kò tíì mọ̀ ni." Lọ́jọ́ tí ọmọ ọba kú, Sàró ní ọmọbìnrin ọba ni òun máa gbà kí òun tó jí i. Ó na ọwọ́ sí àdó. Àdó ò dáhùn.

Fíìmù sì parí síbẹ̀. Màmá, ó parí! Ẹni tó bá dàgbà lọ́wọ́ yín ló lè mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná jù ni kásẹ́ẹ̀tì yín máa ń dúró, pé ká máa retí apá kejì. Apá kejì á sì wà lábẹ́ tábìlì yín. Ẹ ó ní ẹnìkan ti yá a, títí a ó fi gbé owó lé e. Mo ń yin Kúnlé káàkiri Ọláìyá pé ó ti yọ wá nínú oko ẹrú yẹn, àfi bí apá kejì Aníkúlápó ṣe dé ní oṣù kẹta 2024. Wọ́n tún gé e sí apá wẹ́wẹ́ bí ẹran ọdún. Mo fi ìbínú wò ó tán lóru ọjọ́ kan.

Èyí tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Nígbà tí mo ń wá ibi tí n ó gbé kàlẹ́ńdà sí, mo rí kásẹ́ẹ̀tì yín kan nísàlẹ̀ àpótí, nọ́ńbà yín ṣì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú báírò pupa. Èbu ti bo téèpù rẹ̀. Apá kejì ni. Èmi ni "ẹnìkan ti yá a" tí ẹ ń sọ fún àwọn èèyàn. Náírà márùn-ún lójúmọ́ ni ìtanràn yín nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣírò rẹ̀ kí n tó dé.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ tí kì í ríwáìǹdì