Sí ẹ̀yin ọmọ wa tó ń há ọ̀rọ̀ sórí

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ kan lákàtúnkà, tí ẹ sì ń bú orí yín pé kò gba nǹkan dúró, orí kò ṣẹ̀ yín. Iṣẹ́ tí ẹ ń fún un ṣe ló fúyẹ́ jù.

Nínú ìwádìí tí Fergus Craik àti Endel Tulving, àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ní Toronto, ní Kánádà, gbé jáde ní 1975, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ han àwọn ènìyàn fìrí. Kí ọ̀rọ̀ tó yọ, wọ́n á bi wọ́n: ṣé lẹ́tà ńlá ni? Ṣé ìró rẹ̀ jọ ti ọ̀rọ̀ báyìí? Ṣé ó bá gbólóhùn yìí mu? Wọn ò sọ fún wọn pé ìdánwò ń bọ̀. Nígbà tó dé, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ro ìtumọ̀ wọn ni wọ́n dá mọ̀ jù. Ti lẹ́tà ló gbẹ̀yìn pátápátá. Èyí tó sì bá gbólóhùn mu ta èyí tí kò bá a mu yọ.

Nítorí náà, ẹ mú ọ̀rọ̀ bí «àgálámàṣà». Ẹ má dà á kọ nígbà mẹ́wàá. Ẹ bi ara yín pé ta ni ẹ mọ̀ tó ń ṣe é, ṣé inú yín dùn sí i àbí ó bí yín nínú? Ẹ fi gbólóhùn kan ṣàpèjúwe onítọ̀hún (ẹ má jẹ́ kó rí i o!). Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ rántí rẹ̀ láìwò ó; ẹ tún un ṣe lọ́la, àti lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń gbóná lọ́kàn, bí ikú tàbí èébú, kì í nílò wàhálà tó bẹ́ẹ̀: apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala á ta gìrì, á sì ran ìrántí lọ́wọ́. Àmọ́ ó máa ń jí àkíyèsí ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ gbé. Tí irú rẹ̀ bá wà nínú àkọsílẹ̀ yín, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni kí ẹ padà sí lẹ́ẹ̀kejì. Ìpayà inú gbọ̀ngàn ìdánwò sì yàtọ̀: ńṣe nìyẹn máa ń dí ohun tí ẹ ti mọ̀ lọ́nà.

Ìtumọ̀ nìkan kò sì tó nígbà gbogbo. Tó bá jẹ́ àmì ohùn ni wọ́n máa bi yín, àmì ohùn ni kí ẹ fi dánra wò: ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì, ẹ fi àmì sí i láìwo ìwé, kí ẹ tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa olùkọ́ yín tó ti fẹ̀yìntì