Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Bíríkìlà: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Búlọ́ọ̀kù Ilẹ̀ Pupa Kọ́ Kíláàsì Méjì Lójú Gbogbo Ìlú

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Nípasẹ̀ Kánsẹ́lọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ òde.

Ẹ̀yin Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó.

Ó ti dé etígbọ̀ọ́ wa pé ẹ fẹ́ kọ́ kíláàsì tuntun sí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ẹ̀bẹ̀ tí àwa bíríkìlà ń bẹ̀ ni pé kí ẹ jẹ́ ká fi búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ kọ́ méjì nínú wọn. Kó jẹ́ ọwọ́ wa la ó fi kọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sì lè wá wò ó láti ọjọ́ tí a bá ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.

A ò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ wà lára ohun tí à ń wá. Àmọ́ owó sìmẹ́ǹtì ti kọjá agbára àwọn tó ń pè wá síṣẹ́, ìpìlẹ̀ tí igbó ti bò ládùúgbò wa kò sì lóǹkà. Sìmẹ́ǹtì inú búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa kì í sábà ju 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. A kì í fi iná sun ún, nítorí náà a ò gé igi kankan tìtorí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe létè tó ń wọ inú ara wọn, a lè tò ó láìfi àpòpọ̀ sáàárín. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò jìnnà. NBRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, ní ibùdó ìwádìí ní Ọ̀tà níbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìlànà jáde lọ́dún 2017 lórí ilé tí kò ní máa jẹ iná mànàmáná jù. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn onílé wa ló máa ka ìlànà kó tó kọ́lé? Ilé ẹni tó ti kọ́ tirẹ̀ ló máa lọ wò. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi wá. Ṣé òjò ò ní fọ̀ ọ́ lọ? Ṣé ó lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Àwọn ará àdúgbò ńkọ́, ṣé wọn ò ní sọ pé ìṣẹ́ ló lé mi padà sínú ilé amọ̀? Ìkẹta yẹn ló le jù, àlàyé ẹnu wa kò sì lè ràn án. Bí ìjọba bá fi kọ́ ilé ìwé tirẹ̀, ta ló máa pè é ní ilé tálákà?

Kì í ṣe gbogbo ilé àfihàn ló ń ṣiṣẹ́ yìí o. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan wá kọ́ ọ̀kan sí àgbègbè wa. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ wọn wá láti ibòmíràn, wọ́n fi páànù yí i ká, gétì ni wọ́n sì ti dá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó fẹ́ yọjú wò ó padà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n lùlù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ. Nígbà tí igun ògiri kan là, kò sẹ́ni tó mọ iye sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò mọ́ ọn. Títí dòní, bí a bá ti dárúkọ búlọ́ọ̀kù yìí, ilé yẹn ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ẹ tún rántí ilé ìwé orí omi Mákòókó ní Èkó, tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé láti 2013. Òjò ńlá wó o lóṣù Kẹfà ọdún 2016. Kò sẹ́ni tó fara pa, àmọ́ ẹnu àwọn tí kò fẹ́ ohun tuntun gbà á.

Ti Gando ní Burkina Faso yàtọ̀. Diébédo Francis Kéré, ọmọ abúlé náà tó lọ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Jámánì, kọ́ ilé ìwé síbẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 2001. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi tẹ búlọ́ọ̀kù, àwọn ará abúlé ló sì bá a kọ́ ọ, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí ooru lè rí ibi gbà jáde. Ilé náà gba ẹ̀bùn Aga Khan, tí wọ́n ń fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó yọrí, ní 2004, àmọ́ ohun tó wú wa lórí ju ẹ̀bùn lọ ni pé abúlé méjì nítòsí wò ó, wọ́n sì dáwọ́ jọ kọ́ tiwọn. Àwọn aláṣẹ agbègbè náà sì ń wá bí wọ́n ṣe máa lo àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú.

Iṣẹ́ yìí, ọwọ́ la fi ń kọ́ ọ. Ẹ bu ilẹ̀ tí a ti pò, ẹ fún un di ìṣù nínú àtẹ́lẹwọ́, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ibi tó ga tó àyà. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, omi rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Bó bá wà lódindi, omi ti pọ̀ jù. Bó bá tú yẹ́ẹ́, ó gbẹ jù. Lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, a ó fi ọ̀rá bò ó lábẹ́ ibòji, a ó máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Onígbọ̀wọ́ tó ń kánjú ya fọ́tò kì í dúró de ìyẹn.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ bá NBRRI sọ̀rọ̀ kí wọ́n wá kọ́ àwa àti àwọn ọmọṣẹ́ wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà sì wà ní ọgbà ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́yìn náà, ká lè máa háyà rẹ̀. Kí ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yanrìn àti sìmẹ́ǹtì kọ́, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, kí ẹ sì kọ iye àpò sìmẹ́ǹtì àti owó iṣẹ́ méjèèjì sára pátákó níwájú ọgbà. Ẹ jẹ́ ká fi ògiri tó kọjú sí òjò sílẹ̀ láìrẹ́ fún ìgbà òjò méjì. Kí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí púláànù sì dẹ́kun dídá púláànù padà kìkì nítorí pé ilẹ̀ pupa wà nínú rẹ̀, bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé búlọ́ọ̀kù náà lágbára tó.

Ní tiwa, bí ògiri náà bá là láàárín ọdún méjì, àwa la máa tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, a máa fọwọ́ sí i.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Bíríkìlà,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.