Ẹ má kó ewé gbígbẹ síná

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òǹkàwé yín kan bèèrè pé kí ni ìjọba ń náwó sí nílé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ jọ sí, nígbà tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ kún Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí. Ìbéèrè gidi ni, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn.

Ewéko kékeré kan wà ní aṣálẹ̀ Amargosa, níbi ààlà California àti Nevada ní Amẹ́ríkà. Nitrophila mohavensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ilẹ̀ tó ń hù sí funfun báláú, àfi bíi pé wọ́n da kán-ún tí à ń fi se ewédú lé e lórí. Ẹbí tẹ̀tẹ̀ ni o! Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́. Ní 1985, ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ mọ́ àwọn ewéko tó lè run, torí pé àwọn èèyàn ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ tó gbára lé, ọkọ̀ sì ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Kí ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé agbègbè yẹn nìkan ló ń hù sí? Ewé gbígbẹ ni. Ẹni tó bá rí i á já díẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́ (ẹ ò rí i pé iṣẹ́ yín wúlò ju ká fi wé àkàrà lọ), á jẹ́ kó gbẹ, á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Lébẹ́ẹ̀lì ló kàn: ibi tó ti já a, ọjọ́ tó já a, irú ilẹ̀ ibẹ̀, orúkọ òun fúnra rẹ̀. Á kọ àwọ̀ òdòdó náà pẹ̀lú, torí ó máa ń ṣá bó bá ti gbẹ. Ilé tí òǹkàwé yín ń bèèrè yẹn ni wọ́n ń kó àwọn páálí náà jọ sí; bí wọ́n bá ka lébẹ́ẹ̀lì wọn pọ̀, ibi tí ewéko kan ń hù sí á hàn. Ewé ọwọ́ lékùlẹ́jà lè wo ibà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í léèrè igbó tó ti wá àti ọdún tí wọ́n já a?

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, n kò purọ́. Ní 1987, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gun Òkè Ìdànrè, a já àwọn ewéko tó ń hù lórí àpáta, a tò wọ́n sórí páálí tó tó 60. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹni tó ń palẹ̀ yàrá mọ́ sì kó gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ síná. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣèwádìí wá bá mi nílé. Mo ka orúkọ ewéko tí a rí nígbà náà fún un, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ló bá gbójú sókè: “Bàbá, ẹ̀rí ńkọ́?” Ẹnu mi wọhò.

Ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ jọ sí wà ní Jẹ́ríkò, ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa igbó. Páálí ewéko tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Kò sí ẹni tó ń dáná sun wọ́n.

Páálí méjì péré ló bọ́ lọ́wọ́ iná, torí pé ilé mi ni wọ́n wà. Ọ̀kan ní lébẹ́ẹ̀lì, òun ni màá gbé lọ sí Ìbàdàn bí mo bá tún ń lọ. Èkejì, mi ò rántí ibi tí a ti já a mọ́.

Olùkọ́ bàólójì tó ti fẹ̀yìn tì,
Àkúrẹ́