Ẹ Máa Kọ Owó Ìtọ́jú Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Jámánì Mọ́ Iye Tí Wọ́n Ń Tà Á

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lójú ewé ọkọ̀ yín. Àwọn àpilẹ̀kọ tí ẹ ti ń tẹ̀ jáde lórí ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, àwọn bíi Mercedes-Benz S-Class, BMW 7 Series àti Audi A8, ló mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Ẹ máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń sáré, bí àga wọn ṣe ń tu ẹni lára, àti bí owó wọn ṣe ń já wálẹ̀ tí wọ́n bá ti di àlòkù, débi pé owó tí ènìyàn ì bá fi ra ọkọ̀ kékeré tuntun lè ra ọkọ̀ ńlá tó ti lo ọdún mélòó kan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ kì í sọ ni pé iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ náà nìkan ló já wálẹ̀. Owó páàtì rẹ̀ kò já, ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń ká mi lára.

Ọkọ̀ bọ̀gìnnì tuntun sábà máa ń pàdánù nǹkan bí ìdajì iye rẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàrin ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn tó lágbára láti ra irú rẹ̀ kì í fẹ́ èyí tó ti gbó, àwọn tí agbára wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rù ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn nídìí. Àwo bírékì rẹ̀, iná iwájú rẹ̀, táyà fífẹ̀ rẹ̀ àti àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà káàkiri inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọkọ̀ olówó ńlá, bó tilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin. Ẹni tó ń ta páàtì kì í béèrè iye tí a ra ọkọ̀ kó tó dá owó lé ọjà rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nínú S-Class tí Mercedes-Benz gbé jáde ní 1998, èyí tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ sí W220, kì í ṣe sípíríǹgì onírin ló ń gbé ọkọ̀ dúró bí kò ṣe àpò rọ́bà tí atẹ́gùn há sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Airmatic. Ìgbádùn ni, nítorí ọ̀pọ̀ kòtò ojú ọ̀nà ni ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kì í mọ̀ pé òun kọjá. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, á rí i pé igun iwájú kan ti wolẹ̀ débi pé ara ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo táyà mọ́lẹ̀. Yóò ṣíná sí i, yóò gbọ́ tí ẹ̀rọ kékeré tó ń fún atẹ́gùn ń kùn, ọkọ̀ á gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, òun náà á sì bọ́ sójú ọ̀nà, á ní ó tán nìyẹn. Kò tíì tán. Wọn kò ṣe ẹ̀rọ afúnatẹ́gùn yẹn pé kó máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó sì dákẹ́ ni. Bí rọ́bà bá ń jò, kì í ráyè dákẹ́, yóò sì ṣe iṣẹ́ náà títí tí yóò fi jóná, tí owó páàtì kan yóò fi di owó páàtì méjì. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí kan náà ni rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tó kù kì í sì í pẹ́ tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú.

Ti ẹ́ńjìnnì tún le ju ìyẹn lọ. Ní 2008, BMW gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ kan jáde tó ń jẹ́ N63, wọ́n sì fi í sínú 7 Series. Àárín gbùngbùn, láàrin ìlà sílíńdà méjèèjì, ni wọ́n kó tọ́bò rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, sí, kí ọkọ̀ lè tètè fi agbára hàn, ibẹ̀ gan-an ni ooru sì ń kó jọ sí. Ooru náà ń mú kí àwọn rọ́bà kéékèèké tó ń dí ọ́ìlì lára fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì tí èéfín sì ń gbà jáde, gbẹ, ọ́ìlì á wá máa jò wọ ibi tí bẹntiróò ti ń jó, títí tó fi di dandan kí ènìyàn máa bu ọ́ìlì kún un kí àkókò sáfíìsì tó pé. Àwọn rọ́bà wọ̀nyí fúnra wọn kò wọ́n; iṣẹ́ àtidé ibi tí wọ́n wà ló ń jẹ owó. BMW alára mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní ìparí 2014 wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà wọn ní Amẹ́ríkà láti yẹ ṣéènì tó ń mú kí fáàfù ṣí lásìkò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn lára ẹ́ńjìnnì náà wò, wọ́n sì ní kí wọ́n túbọ̀ máa tètè pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ní ti Audi S4 onísílíńdà mẹ́jọ tó dé ọjà ní 2003, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì níbi tó ti kan gíà ni wọ́n gbé ṣéènì sí. Bí ike tó ń darí ṣéènì náà bá gé, àfi kí wọ́n yọ odindi ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ tó lè tó o.

Mi ò ní pẹ́ lórí bírékì. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra E-Class ti Mercedes-Benz tí wọ́n ṣe láàrin 2002 sí 2006 sáà mọ̀ pé bírékì oníná tó wà nínú rẹ̀ ń ka iye ìgbà tí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́, tó bá sì ti kà á dé iye kan, yóò tan iná pé ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ òun. Lẹ́yìn tí Mercedes-Benz pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà fún àtúnṣe ní 2004 àti 2005, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì padà sí irú bírékì ti tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Mo fẹ́ràn wọn, mo sì ń wa ọ̀kan nínú wọn. Inú mi kì í dùn tí àwọn kan bá ní ará Jámánì kò mọ ọkọ̀ tó ń tọ́jọ́ ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.7 Mercedes-Benz W123 tí wọ́n ṣe láàrin 1975 sí 1986, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ṣe takisí fún ọdún gbọọrọ. Awakọ̀ takisí kan ní Gíríìsì wa Mercedes 240D ti 1976 dé 4,600,000 kìlómítà kó tó fi í fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz ní 2004. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló gbé e débẹ̀ o. Ó ń yọ ọ́, ó ń tún un ṣe, ó sì ń fi òmíràn sí i nígbà tó bá yẹ. Ìtọ́jú ni.

Ìtọ́jú yìí gan-an ni wọ́n ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ló ń sọ pé ọ́ìlì gíà kò ní pààrọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi gbó, ṣùgbọ́n ZF, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe gíà fún BMW àti Audi, ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàrin 80,000 sí 120,000 kìlómítà. Lójú tèmi, ẹni àkọ́kọ́ tó gba ọkọ̀ náà, tí yóò lò ó fún bí ọdún mẹ́ta péré, ni ọ̀rọ̀ “kò ní pààrọ̀” ń ṣe láǹfààní, nítorí ó ń mú kí ìtọ́jú rẹ̀ rí bí ohun tí kò náni ní nǹkan kan. Ọwọ́ ẹni tó rà á lẹ́yìn náà ni gíà yóò bàjẹ́ sí. Ẹni tó bá lọ wo àlòkù, tó ń fọwọ́ pa ọ̀dà àti awọ àga, tí kò béèrè ìwé tí wọ́n kọ sáfíìsì ọkọ̀ náà sí, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé nígbàkígbà tí ẹ bá kọ nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sọ iye tó jẹ́ nígbà tó wà ní tuntun, kí ẹ sọ iye tí ẹsẹ̀ onírọ́bà kan, àwo bírékì méjì àti iná iwájú kan jẹ́, kí ẹ sì bi àwọn mẹkáníìkì tó ń tú wọn ní ìbéèrè, kó má jẹ́ àwọn tó ń tà wọ́n nìkan. Tó bá sì tún kan 7 Series, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ bóyá onísílíńdà mẹ́fà ni ẹ ń sọ tàbí èyí tó ní N63, nítorí ara ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ojú lásán kò sì lè fi hàn èwo ni ìtọ́jú rẹ̀ yóò gbówó jù.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan