Ẹ Jẹ́ Kí Ìwé Owó Sọ Eegun Tí Dókítà Tò

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ ìwé owó ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Àjàṣẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ohun tí dókítà bá kọ ni mò ń kà, òun ni mò ń sọ di iye owó, tí mo ń tẹ òǹtẹ̀ lù, tí mo sì ń nà sí ẹbí aláìsàn láti ojú fèrèsé. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹni tí kò mọ wàhálà iṣẹ́ náà ló ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fi zẹ̀míjàn, ìyẹn alùpùpù akérò, wá oúnjẹ òòjọ́ ní Kétu. Lójú ọ̀nà tó lọ sí Pobè ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ti gbá a. Àṣíborí wà lórí rẹ̀, àmọ́ irú èyí tó bo àtàrí nìkan ni, ojú ló sì fi gbálẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù, ẹ dákun, ẹ ra èyí tó yí àgbọ̀n po.) Eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ dá ní ojú méjì, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sì wọnú. Kì í ṣe ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ, n kò sì ní dárúkọ ibẹ̀, torí àwọn dókítà wọn ṣe iṣẹ́ tí a ó máa dúpẹ́ rẹ̀ títí. Wọ́n la ojú àgbọ̀n, wọ́n fi irin titanium pẹlẹbẹ àti ìṣó oníyìípo de eegun pọ̀, wọ́n la ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, wọ́n gbé e padà sípò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi wáyà so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ kí eegun lè jinná láìyẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ á po ògì, á sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kó lè ṣàn bí omi, ọmọ á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á láti ẹ̀gbẹ́ eyín. Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé wáyà wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n fi okùn so ó kọ́, torí bí èébì bá gbé e, wọ́n gbọ́dọ̀ gé wáyà náà kíá kó má baà há a lọ́fun. Ìyá rẹ̀ kì í sùn.

Ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ ilé, wọ́n fún wa ní ìwé owó. Ẹ̀gbọ́n mi nà án sí mi, ó ní: "Ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyí? Kà á sí mi létí." Mo kà á, ó tán kí n tó mí. Ìlà kan ṣoṣo ni: Chirurgie de la face (ìyẹn iṣẹ́ abẹ ojú), 685,000 fráǹkì, òǹtẹ̀ sì gun orí òdo méjì tó kẹ́yìn. Àwa fúnra wa la ti fi ìwé dókítà ra irin àti ìṣó lọ́tọ̀. Ṣé wọ́n tún ka owó wọn mọ́ 685,000 yẹn ni? Títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, èmi akọ̀wé owó kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Tó bá jẹ́ pé ká san án ká gbàgbé ni, bóyá n kò ní yọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbá a ní ìnṣọ́ráǹsì. Òfin CIMA, tó de àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì ní Benin àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yaoundé ní 1992, ní kí ilé-iṣẹ́ náà gbé iye tí yóò san síwájú ẹni tó fara pa kí oṣù 12 tó pé lẹ́yìn ìjàǹbá. Owó ìtọ́jú sì rèé, orí ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ti ń san án padà. Ìwé ẹ̀rí! Ọkùnrin tó gba fáìlì wa wo ìlà kan ṣoṣo yẹn, ó ní: "Màdámù, eegun wo ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìjàǹbá yìí ló fà á?" N kò lè bá a jà. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, ohun tí n ó béèrè náà nìyẹn.

Ojú ènìyàn kì í ṣe eegun kan. Nínú ìwé àkójọ àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní CIM-10, S02 ni eegun agbárí àti ti ojú tó bá ṣẹ́. Nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ èwo: S02.2 ni ti imú, S02.3 ni ti ìsàlẹ̀ kòtò ojú, S02.4 ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n òkè, S02.6 ni ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ọmọ wa ní méjì nínú wọn, S02.4 àti S02.6. Kíkọ wọn sílẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ibi tó ṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i tún lọ́tọ̀. Mo ní ìbátan kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní Amẹ́ríkà, mo sì ka ìwé owó náà fún un lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: ṣé wọ́n là á ni, àbí wọ́n tò ó láìlà á? Ṣé wọ́n so eyín? Lọ́dọ̀ tiwọn, iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, kì í ṣe iye owó: àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí wọn kò là, tí wọ́n so eyín fún, 21453 ni. Èyí tí wọ́n là láìso eyín, 21461. Èyí tí wọ́n là tí wọ́n sì so eyín, bíi ti ọmọ wa, 21462. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wọnú tí wọ́n là láti gbé padà sípò ní 21360 tirẹ̀, kì í wọ abẹ́ ti àgbọ̀n. Ó tún sọ ohun kan tó dùn mí. Nínú ètò Medicare, ìyẹn ìnṣọ́ráǹsì ìjọba wọn fún àwọn àgbà, bí oníṣẹ́ abẹ bá ṣe irú iṣẹ́ ńlá yìí, àyẹ̀wò tó ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ títí di 90 ọjọ́ ti wà nínú owó iṣẹ́ abẹ náà. Àwa san owó káàdì ní gbogbo ìgbà tí a padà lọ kí wọ́n wo wáyà.

N kò ní kí Benin di Amẹ́ríkà. Owó ilé ìwòsàn tiwọn náà ń sọ ènìyàn di onígbèsè. Faransé tí a ti kọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì wa náà ń lo CCAM, ìwé àkójọ iṣẹ́ ìṣègùn tiwọn, lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà mẹ́ta fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: lẹ́tà kan fún apá ara, kan fún ẹ̀yà tó wà níbẹ̀, kan fún ohun tí wọ́n ṣe sí i, ìkẹrin fún ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ọmọ Faransé náà sì ni René Le Fort, tó fi orí òkú wádìí ní 1901 bí àárín ojú ṣe máa ń ya, tó sì rí ipa mẹ́ta. Èkíní gba òkè eyín òkè kọjá, gbogbo àjà ẹnu á máa mì. Èkejì gùn dé ìdí imú. Ẹ̀kẹta ya gbogbo ojú kúrò lára agbárí. Ta ló máa sọ pé iṣẹ́ kan náà ni èkíní àti ẹ̀kẹta? Lórí ìlà tí wọ́n fún wa yẹn, bákan náà ni wọ́n máa rí.

Mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí èmi náà ti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé tí dókítà fi ń ròyìn iṣẹ́ abẹ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹbí ti dúró sí ojú fèrèsé, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn padà sí Sakété tàbí Kétu ti ń fọn fèrè. Mo ti kọ "chirurgie", mo ti kọ iye, mo ti tẹ òǹtẹ̀. N kò ro ohun tí àwọn ènìyàn náà máa fi ìwé yẹn ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ó dùn mí gan-an nísinsìnyí.

Ẹ bá mi bẹ àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn wa, ti ìjọba àti ti aládàáni. Kí ìwé owó dárúkọ eegun kọ̀ọ̀kan, kó sọ bóyá wọ́n là á tàbí wọn kò là á, kó sọ iye irin àti iye ìṣó, àti ẹni tó rà wọ́n. Kí wọ́n fi ẹ̀dà ìròyìn iṣẹ́ abẹ lé ẹbí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ ilé, láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀bẹ̀. Kí ẹnì kan sì fi Yorùbá tàbí Gùn ṣàlàyé rẹ̀ kí wọ́n tó gbowó. Ẹ̀gbọ́n mi kò ka ìwé. Ìka ló tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ohun tí kò yé e, tí kò sì yé èmi tó kàwé.

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo lọ béèrè ìròyìn iṣẹ́ abẹ ọmọ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún mi. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ ní ojú méjèèjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wà níbẹ̀, irin méjì, ìṣó mẹ́jọ, wáyà eyín. Mo wo ọjọ́ tí dókítà kọ sórí rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà gan-an ni.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Akọ̀wé owó ilé ìwòsàn kan,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).