Ìrora mi kì í ṣe àdíbọ́n, Ìyábọ̀

Ìyábọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Bàbá Táyé àti àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Kánádà kò ní mú yín o.

O ní kí n ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ, torí ọ̀rọ̀ orí fóònù kò yé ọ. Fibromyalgia ni wọ́n pè é, àìsàn tó ń mú kí gbogbo ara máa ro èèyàn. Kì í ṣe làkúrègbé, kì í sì í ṣe ibà tí mo ń ra oògùn rẹ̀ kiri kẹ́mísì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya ẹ́ksíréè, wọn ò rí nǹkan kan. Bí àwọn kan nínú ẹbí ṣe gbà pé ọ̀lẹ ló ń dà mí láàmú nìyẹn.

Ní ọjà Balógun lọ́jọ́sí, alábàárù kan ń kọjá, ó ń pariwo "àgò o, àgò o!" Ẹrù orí rẹ̀ fara kàn mí léjìká. Kò gbá mi o, ó kàn fara kàn mí ni. Ìyábọ̀, ìrora náà gba ọrùn, ó gba ẹ̀yìn, kò sì lọ títí tí a fi palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ míì, okùn kọ́mú lásán á máa dùn mí débi pé màá tú u.

Dókítà ní ẹran ara mi kò bàjẹ́. Ọpọlọ àti iṣan tó ń jíṣẹ́ fún un ló ti ń ṣe àṣejù, bí ẹni tí a rán níṣẹ́ tó ń fi tirẹ̀ kún un. Wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní 2002: wọ́n tẹ èékánná àtàǹpàkò àwọn tó ní àìsàn yìí àti àwọn tí kò ní in, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn. Títẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó kí ibi tó ń gbọ́ ìrora nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn ta jí. Ti àwọn tó kù, àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gan-an. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ohun tó ń ṣe mí ṣeé fojú rí!

Oògùn tó ń wò ó pátápátá kò sí. Oorun tó dáa àti ìrìn díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tẹnu mọ́ jù. Mo ń rìn ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Jọ̀ọ́, bá mi pe Màámi, wọ́n máa ń gbọ́ tìẹ. Sọ fún wọn pé àgbo tí wọ́n ń gbé wá ti tó, àti pé tí mo bá ní káwọn ọmọ má fò mọ́ mi, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́