Ọkọ̀ Ojú Irin Láàárín Títì

Oakland, California

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé, mo kí àwọn ọmọ. O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé kí ni mo máa ń ṣe ní ọ̀sán Sátidé tí n kì í gbé fóònù. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ni mo máa ń lọ wò.

Èyí kì í ṣe irú èyí tí irin rẹ̀ gba inú igbó. Ní Jack London Square níhìn-ín, àárín òpópónà tí wọ́n ń pè ní Embarcadero West gan-an ni ọkọ̀ ń gbà. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, ilé gbígbé wà níbẹ̀, mọ́tò ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, àwọn ìyá ń ti ọmọ wọn sọdá nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Àfi kí fèrè dún lójijì.

Fèrè yẹn ló kọ́kọ́ mú mi lọ́kàn. Òfin Amẹ́ríkà ni pé bí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ ibi tí títì ti dábùú irin, kí awakọ̀ fọn ún gígùn lẹ́ẹ̀mejì, kúkúrú lẹ́ẹ̀kan, kó wá fọn ọ́n gígùn títí ẹ̀ńjìnnì yóò fi dé oríta náà. Àwọn oríta ibí sún mọ́ra, nítorí náà ọ̀kan kì í tíì parí tí òmíràn á fi bẹ̀rẹ̀. Àyà èèyàn á máa gbà á bí ìlù. Ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀ńjìnnì aláwọ̀ ìyeyè ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Union Pacific á yọ, á máa rọra bọ̀ bí ẹni tó ru ìkòkò omi tó kún dẹ́nu. Ó nídìí. Irin lórí irin máa ń yọ̀. Ìyẹn ni ẹ̀ńjìnnì mélòó kan fi lè fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù, òun náà ni kì í jẹ́ kó tètè dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù gígùn tó ń sáré máìlì 55 ní wákàtí kan lè nílò máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró, kò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Èbúté kò jìnnà, kọntéínà ló sábà ń kó, ọ̀kan lórí èkejì, tí ti òkè á fi ga dé fèrèsé àjà kejì.

Ibùdókọ̀ ojú irin tó wà nítòsí ń jẹ́ orúkọ C. L. Dellums, ère rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe pọ́tà nínú ọkọ̀ ojú irin oníbùsùn. Ọdún 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó di 1937 kí ilé iṣẹ́ Pullman, tó ni àwọn ọkọ̀ oníbùsùn náà, tó bá wọn fọwọ́ sí àdéhùn. Ọdún méjìlá! N kì í kọjá níbẹ̀ láì dúró wò ó.

Mo mọ̀ pé ewu ń bẹ nínú irú irin báyìí. Ní Manhattan, ní ìlú New York, láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú irin pa èèyàn títí wọ́n fi sọ òpópónà kan ní Òpópónà Ikú, tó fi jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ń gun ẹṣin ṣáájú ọkọ̀ pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́. Ní 1934 ni wọ́n ṣí irin orí afárá tó gba iṣẹ́ náà. Ọgbà ìgbafẹ́ ni orí afárá yẹn lónìí. Wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé ti ibí lọ sókè lọ́la, ó máa dùn mí. Níbo ni n ó ti tún rí gbogbo èèyàn, olówó àti tálákà, tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n gbójú sókè, tí wọn ò kánjú?

Sátidé tó kọjá, mo ka wágọ̀nù títí dé ìparí, níbi tí iná pupa kékeré ti ń ṣẹ́jú. Bàbá kan tó dúró tì mí bi mí pé mélòó ni. Mo ní 91. Ó ní rárá o, 93 ni òun kà.

Ìwọ ni mo rántí. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé, ìgbà wo ni tìrẹ kì í fi méjì ju tèmi lọ? Wá, jẹ́ ká jọ kà á.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.